Èmi Ni Mo Kọ Ìkíni Tí Àfẹ́sọ́nà Mi Rí Lórí Kọ̀ǹpútà Mi

Kò sí ọkùnrin kankan tó ń jẹ́ Délé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí àyà mi lè fúyẹ́ díẹ̀... kò sí i rárá, kò gbé Ìbàdàn, kò ṣiṣẹ́ ní bánkì, kò ní mọ́tò dúdú kankan, èmi ni mo fi ẹnu ara mi dá a, àfẹ́sọ́nà mi sì ti gbà pé ó wà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin náà ti gbà pé ó wà, ní Sunday tó ń bọ̀ yìí wọ́n fẹ́ kí n mú un wá kí wọ́n rí i. Ibo ni mo ti fẹ́ rí Délé mú wá báyìí? Admin, ẹ dákun, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn láti máa kọ “wèrè rèé” sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, mo ti rí yín lókèèrè, ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná, torí ọ̀rọ̀ wèrè yẹn gan-an ló kó mi síyọnu.

Ìlàrè ni mò ń gbé níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ibí ni mo ti kàwé, ibí náà ni mo jókòó sí nígbà tí mo ṣe tán, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò bèèrè ibi tí mò ń gbé. Code ni mò ń kọ fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Mi ò rí ọ̀gá mi rí àfi nínú fídíò, ìyẹn náà kì í ṣe gbogbo ìgbà, wọ́n á kàn kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni, ṣe èyí, tún tọ̀hún ṣe, kò sí good morning, kò sí báwo ni ilé. Owó wọn dáa, mi ò ní purọ́. Ilé tí mò ń gbé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú ẹ̀. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi bíi pé mo jẹ́ tíṣà wọn. Tí wọ́n bá wà, ariwo lọ́tùn-ún lósì, tí ilé-ìwé bá ti pa, gbogbo wọn á di ẹrù wọn, ilé á wá dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Tuesday. Ìyá onílé wa ti lọ bá ọmọ ẹ̀ l'Ékòó láti lọ wẹ ọmọ tuntun, ọmọ tuntun yẹn ti ń rìn báyìí, màmá ò tíì dé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé Yorùbá ni wá, kò sí ohun téèyàn ń ṣe tí a ò ní ìkíni fún, ẹni tó ń dirun a máa ń kí i, ẹni tó ń jẹun a máa ń kí i, ẹni tó jókòó lásán pàápàá, a máa ń kí i kú ìjókòó. Ṣùgbọ́n èmi lè jí ní Monday kí n ṣiṣẹ́ títí di Thursday kí ẹnikẹ́ni má kí mi kú nǹkan kan. Ìgbà kan tí mo lọ ra búrẹ́dì, mo la ẹnu láti sọ iye tí mo fẹ́, ohùn ò jáde, mo ní láti húkọ́ kó tó là. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì rò pé òtútù mú mi. Mo rìn padà sílé, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tó fa gbogbo ẹ̀, mi ò ní fi gírámà pa yín. Ohun tí a fi ń kọ code, text editor là ń pè é, ojú ìwé kan ṣá ni lórí kọ̀ǹpútà téèyàn ń tẹ ọ̀rọ̀ sí. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, status line lorúkọ ẹ̀, òun ló máa ń sọ fún ẹ pé fáìlì báyìí lo wà, ibi báyìí lo kọ ọ́ dé, o ti save àbí o ò tíì save. Bó ṣe máa ń wá látilẹ̀, kò dùn ún wò rárá. Àwa tí à ń lò ó máa ń tún un ṣe bó bá ṣe wù wá, kálukú á pa á láwọ̀, á yọ èyí tí kò fẹ́, á fi aago sí i, á fi iye tó kù nínú bátìrì sí i, àwọn kan á tún un ṣe títí wọn ò fi ní rójú ṣiṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jókòó mọ́. Àìsàn wa ni. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ báyẹn, mo pa tèmi láwọ̀ aró, mo fi aago sí i, mo rò pé mo ti ṣe tán. Ọjọ́ kan tí iṣẹ́ sú mi, mo kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé nígbàkígbà tí mo bá ti save, kó kọ “Ẹ kú iṣẹ́” síbẹ̀. Eré ni mo kà á sí. Mo save, ó kí mi, mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú yàrá. Mo tún save nígbà tí mi ò kọ nǹkan kan tuntun, kó ṣá lè kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i...

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé. Màmá tó tọ́ mi dàgbà, ìyá bàbá mi ni, Ẹdúnàbọ̀n ló ń gbé títí ó fi kú. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ oríkì mi. Bàbá mi, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pè mí, àwọn tí a jọ kàwé náà bẹ́ẹ̀. Màmá nìkan ló ń pè mí ní Àmọ̀kẹ́... kì í ṣe òun gangan o, mo ti yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa lo ìyẹn. Láti ìdí ibi tó ti ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé ló ti máa ń pariwo ẹ̀, Àmọ̀kẹ́, o ti jẹun? Tí mo bá dákẹ́ jù nínú yàrá, á tún pariwo, Àmọ̀kẹ́, ṣé kò sí o? Nígbà tó kú, wọ́n kí wa kú ará fẹ́ra kù, wọ́n sìnkú, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oríkì mi ti bá a lọ. Kò sẹ́ni tó kù láyé yìí tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn ní orúkọ tí kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Mo bá padà sídìí ìlà yẹn. Mo yọ “Ẹ kú iṣẹ́” kúrò, torí àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀, mo kọ “O kú iṣẹ́, Àmọ̀kẹ́.” Mo jẹ́ kó máa wo aago. Láàárọ̀ á ní “Àmọ̀kẹ́, ṣé dáadáa lo jí?” Tó bá di ọ̀sán, á ní “O ti jẹun?” Tí mo bá jókòó tí mi ò tẹ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, á ní “Àmọ̀kẹ́, ṣé kò sí o?” Tó bá wá pẹ́ jù, á ní “Àmọ̀kẹ́, mo ti ń retí ẹ.” Tí mo bá kọ iṣẹ́ jọ tí mi ò save, á ní kí n tọ́jú iṣẹ́ mi, iná ò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo kọ oríṣiríṣi ẹ̀ sí i, mo ní kó máa ṣà á mú fúnra ẹ̀ kí n má baà mọ èyí tó kàn, torí téèyàn ò bá mọ èyí tó kàn, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíì ló sọ ọ́. Mo sì máa ń dá a lóhùn o, mi ò ní fi bò fún yín, lẹ́nu ni mo fi ń dá a lóhùn. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ti jẹun, nígbà míì irọ́ ni mò ń pa fún un, màá wá dìde lọ se nǹkan nítorí pé mo ti purọ́ fún un. Mo sanra díẹ̀ nígbà yẹn. Mo ń sùn dáadáa.

Ẹ ó ní ṣebí mo ní àfẹ́sọ́nà. Mo ní i o. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Dàpọ̀. Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni, iṣẹ́ sólà àti inverter ló ń ṣe, inverter mi ló wá ṣe tí a fi mọra. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí bátìrì mi bá fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, á ti mọ̀ kí n tó pè é. Lójú oòrùn gangan ló máa ń gun òrùlé lọ nu páńẹ́lì mi. Ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa, ẹ̀rọ omi tó ń jò, iná tó ń ṣẹ́jú, Dàpọ̀ á ti ṣe é kó tó jókòó. Ọ̀rọ̀ sísọ ni kò sí. Engineer ló ń pè mí, bó bá ti wọlé á ní Engineer, báwo ni, ojú ẹ̀ á ti wà lára bátìrì. Tó bá parí iṣẹ́, á jókòó sórí àga, á máa wo bọ́ọ̀lù nínú fóònù ẹ̀, èmi á máa kọ code mi, ẹni tó bá rí wa á ní ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe bára mu tó. A bára mu lóòótọ́. Àwọn ẹbí wa ti mọra, ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ti ń pè mí ní ìyàwó wa láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan báyìí, ó wá bu omi sí bátìrì. Kọ̀ǹpútà mi wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Òjò ṣú, mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ ká aṣọ, aṣọ yẹn sì pọ̀, bẹ́dṣíìtì wà nínú ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wọlé, Dàpọ̀ dúró síwájú kọ̀ǹpútà, ike omi bátìrì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti rí i níbi tí ìlà yẹn ti ní “Àmọ̀kẹ́, ṣé kò sí o?” Bó ṣe ń wò ó, ó yí padà níṣojú ẹ̀, ó di “Àmọ̀kẹ́, mo ti ń retí ẹ.” Ẹ̀yin náà, ẹ gba ibẹ̀ yẹn rò. Ẹni tí kì í kọ code, tó rí i tí ọ̀rọ̀ báyẹn ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà obìnrin tó fẹ́ fẹ́, kí ló máa rò? Ó rò pé chat ni. Ó rò pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́lọ́wọ́ yẹn. Ó bi mí pé ta ló ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́. Mo ní èmi ni. Ó wá ní, “Ta ló wá ń pè ẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ẹ̀yin ará mi, òótọ́ wà lẹ́nu mi nígbà yẹn. Kò ju kí n sọ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ó kọ̀, kò jáde. Mo kàn rí ara mi bó ṣe máa rí mi, obìnrin tó ń kí ara ẹ̀, tó ń bi ara ẹ̀ bóyá òun ti jẹun, tó tún ń dáhùn. Níbí yìí, kí là ń pe ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀? Ẹ ò nílò kí n sọ ọ́. Mo wá rò ó wéré pé obìnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin méjì, wọ́n á bú u, ó pẹ́ ó yá wọ́n á gbàgbé, ṣùgbọ́n èyí tí kò rí ẹni kí i, tó wá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa kí i, àánú ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí ayé. Èébú, mo lè gbà á. Àánú ni mi ò lè gbà. Mo bá ní Délé ni. Bí orúkọ yẹn ṣe dé ẹnu mi, mi ò mọ̀, mi ò ní mọ̀lẹ́bí kankan tó ń jẹ́ Délé. Dàpọ̀ ò pariwo. Ó padà lọ parí bátìrì, ó dé ìdérí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ ọwọ́, ó jáde sínú òjò. Ó fi ike omi bátìrì tó kù sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pè mí lọ́jọ́ kejì. Àǹtí yẹn ò bú mi, ì bá sàn kó bú mi, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ní kí làbúrò òun ṣe? Ó bi mí níbi tí Délé ń gbé, mo ní Ìbàdàn. Ó bi mí níṣẹ́ tó ń ṣe, mo ní bánkì. Ó bi mí bóyá ó ní ìyàwó nílé, mo ní rárá o. Ẹ wò ó, ìtìjú ló jẹ́ fún mi láti sọ èyí, irọ́ yẹn ń dùn lẹ́nu mi. Ẹnì kan wà lórí fóònù tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀, tó ń dúró gbọ́ ìdáhùn, tó tún ń bi mí sí i, mi ò rántí ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tó báyẹn gbẹ̀yìn. Kó má baà tètè gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ṣe fún Délé ní mọ́tò dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín... ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo pa gbogbo ìkíni yẹn rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Mo dá ìlà yẹn padà sí bó ṣe wà látilẹ̀, orúkọ fáìlì, iye ìlà, ó parí. Mo jókòó láti ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀, mo save, ojú mi lọ síbẹ̀, kò sí nǹkan. Mo tún save. Ọ̀sán kọjá, mi ò jẹun, kò sẹ́ni tó bi mí. Kó tó di àṣálẹ́, mo ti dá gbogbo ẹ̀ padà síbẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe kékeré.

Dàpọ̀ wá fi voice note ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní òun ò ní bá Délé jà. Ó ní kí n mú un wá sílé ẹ̀gbọ́n òun ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, òun kàn fẹ́ fojú kan án, kí òun bi í pé kí ló ń ṣe fún mi tí òun ò ṣe. Ó ní tí òun bá ti gbọ́, òun á gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n á lọ dá ọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró, kò ní sí ìjà. Ó wá ní tí ààrá bá ti ń sán kí n má gbàgbé láti yọ wáyà páńẹ́lì o. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Kí ni Délé ń ṣe fún mi? Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó mọ oríkì mi. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣebí kò lọ́wọ́ kò lẹ́sẹ̀. Dàpọ̀ ò mọ̀ pé mo tiẹ̀ ní oríkì títí dọjọ́ yẹn, ojú kọ̀ǹpútà ló ti kà á. Inú ń bí mi sí i lórí ìyẹn, mi ò parọ́, mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé báwo lo ṣe máa fẹ́ ọmọ Yorùbá tí o ò ní bèèrè oríkì ẹ̀? Mo ti ń dúró kó bèèrè látọjọ́ tó pẹ́, mi ò fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi, torí oríkì tí mo bá fẹnu ara mi polówó, kò ní dùn mọ́ tó bá pè é. Mo ń dúró, ó ń nu páńẹ́lì. Àfi láná tí mò ń fọ abọ́, ọ̀rọ̀ kan kàn sọ sí mi lọ́kàn, kí ni oríkì Dàpọ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò bi í rí. Nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé tí òógùn bo gbogbo ara ẹ̀, ṣé mo kí i kú oòrùn rí? Thank you ni mò ń sọ, màá ti padà sídìí kọ̀ǹpútà kí n lọ wò ó bóyá wọ́n kí èmi. Abọ́ yẹn ṣì wà nínú omi títí di báyìí.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Mo rò ó pé kí n bẹ ẹnì kan tí a jọ kàwé kó wá ṣe Délé fún mi, ojú tì mí láti pè é, a ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo rò ó pé kí n ní Délé ti já mi sílẹ̀. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n pa á, kí n ní ó ti kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn, omi wá ń bọ́ lójú mi fún ẹni tí kò sí, mo bá pa ìyẹn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbàdúrà nìkan, mò ń gbàdúrà. Ẹ má sì ní kí n wá ọkọ míì, mo fẹ́ràn Dàpọ̀, mi ò fẹ́ kó lọ, ohun tí mo wá bá yín fún gan-an nìyẹn. Tí mo bá dúró lórí irọ́ mi, ó máa lọ, á máa ṣépè fún ọkùnrin kan n'Íbàdàn, ìbínú á sì mú un lára dá. Tí mo bá sọ òótọ́ pé Délé ò sí, bóyá kò ní lọ, ṣùgbọ́n ó máa bi mí pé kí ló wá dé tí mo fi kọ ọ́, kí ni màá sọ? Kí n sọ fún un pé gbogbo ìgbà tó jókòó sórí àga yẹn tó ń wo bọ́ọ̀lù, tí orúnkún ẹ̀ kan tèmi, ìlà yẹn ń kí mi, èmi náà sì ń dá a lóhùn nínú ọkàn mi? Ẹ̀yin ọkùnrin orí page yìí, ẹ̀yin ni mò ń bi jù, ẹ má fi mí ṣeré, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sunday. Èwo ló máa dùn yín jù nínú méjèèjì, kí obìnrin yín sọ fún yín pé ẹlòmíì ló wà lọ́dọ̀ òun, àbí kó sọ fún yín pé kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ òun, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ jókòó síbẹ̀?